Ara Bernadette Ni Ọmọ́yẹlé Ń Jowú

Ínṣì mẹ́jọ ni ikùn Ọmọ́yẹlé fi tóbi ju ti Bernadette lọ. Kò sí ẹni tó mọ èyí tó Ọmọ́yẹlé fúnra rẹ̀, nítorí aránṣọ ni, òun ló ń ránṣọ fún ara rẹ̀ àti fún Bernadette, ìwọ̀n àwọn méjèèjì sì wà nínú ìwé kan náà. Ikùn tirẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ti Bernadette jẹ́ méjìdínlógójì. Ṣùgbọ́n tí a bá dé ìdí, Bernadette ló ni ìdí, ó sì wúwo jù ú lọ ní kílò méje.

Ìyàwó ilé kan náà ni wọ́n, l'Áládé, ní Ìdànrè. Olútúndé, ọkọ Ọmọ́yẹlé, ni ẹ̀gbọ́n. Olúlékè, ọkọ Bernadette, ni àbúrò tó tẹ̀ lé e. Ọmọ́yẹlé ti lo ọdún mọ́kànlá nínú ilé náà kí Bernadette tó wọlé, nítorí náà òun ni ìyáálé. "Ìyá Jemima" ni Bernadette ń pè é, orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Òun náà kì í pe Bernadette ní nǹkan mìíràn ju "Ìyàwó" lọ. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú ilé, lójú títì. Ọmọ́yẹlé ń ránṣọ nínú èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, Bernadette ń ta oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó nínú èyí tó wà lọ́wọ́ òsì. Tí ẹ̀rọ ìránṣọ bá dákẹ́, ọ̀kan ń gbọ́ ohun tí èkejì ń sọ.

Ọmọ́yẹlé kò kórìíra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn èyí kò dára. Nígbà tí Bernadette bí Dára, àkọ́bí rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Ọmọ́yẹlé fi ń wẹ ọmọ náà láàárọ̀. Nígbà tí àwọn ará ilé ń kùn pé ọmọ tíṣà láti Àkúrẹ́, ọmọ ìjọ Páàdì, kò ní lè gbé pẹ̀lú àwọn Aládùúrà, Ọmọ́yẹlé ló sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó jọ ọ́ lójú pé Bernadette ń gbọ́ èèbó, pé àwọn àgbẹ̀ ń wá bi í ní ohun tí wọ́n kọ sára ike oògùn, pé tó bá rẹ́rìn-ín, ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Nǹkan wọ̀nyẹn máa ń ta á díẹ̀ lọ́kàn. Ṣùgbọ́n wọ́n jọ sanra, ìyẹn sì ń tù ú nínú. Tí wọ́n bá jọ ń lọ lọ́nà, àwọn ọlọ́kadà á máa fi wọ́n ṣeré pé kí wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn, àwọn méjèèjì á sì jọ dá wọn lóhùn.

Ọmọ́yẹlé pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta nígbà tí òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́. Ó ń mu omi títí, kò tó. Ó ń dìde tọ̀ léraléra. Ohun tó wá já a láyà ni pé kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, òun tó máa ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwò ó. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà l'Áládé, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Joanna fún un ní oògùn, ó ka àwọn ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ mọ́ fún un: bọ́ǹsì, pọfù-pọfù, mínírà, iyán tó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ó ní kó máa rìn.

Ó gbà. Ohun tó sọ fún ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni pé, "Gbogbo àwa tá a sanra ló máa kàn. Èmi ló kọ́kọ́ kàn ni."

Ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ni Dókítà Ayọ̀mípọ̀sí dé láti Àkúrẹ́. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ó ń ṣe ìwádìí lórí àwọn obìnrin tó sanra, ó fẹ́ mọ ìdí tí àìsàn ṣúgà fi ń mú àwọn kan tí kì í mú àwọn mìíràn. Ogójì obìnrin ló ń wá. Ọmọ́yẹlé lọ forúkọ sílẹ̀. Bernadette kàn sìn ín lọ ni, àmọ́ nígbà tí dókítà rí i, ó bẹ òun náà pé kó jẹ́ kí àwọn gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wọn ara wọn, wọ́n wọn ìyípo ikùn wọn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn láìtíì jẹun àárọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí wọ́n wá gbọ́ èsì. Dókítà fẹ́ pe Bernadette sínú yàrá lóun nìkan, ṣùgbọ́n Bernadette di Ọmọ́yẹlé lọ́wọ́ mú.

"Ẹ sọ ọ́ lójú wọn, Dókítà. Ìyáálé mi ni wọ́n, mi ò fi nǹkan pamọ́ fún wọn."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe jọ jókòó. Dókítà tẹ́ ìwé méjì síwájú wọn. Ó ní nọ́ńbà tó ń sọ bí ṣúgà ṣe ṣe sí nínú ẹ̀jẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni èyí àkọ́kọ́: ti Ọmọ́yẹlé lé ní mẹ́jọ, ti Bernadette kò tó márùn-ún àbọ̀. Bí ti Bernadette ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó wá fi ìka sí ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà mẹ́ta sí, C, R, P. Ti Ọmọ́yẹlé jẹ́ mẹ́jọ. Ti Bernadette jẹ́ ẹyọ kan péré.

"Kí nìyẹn?" ni Ọmọ́yẹlé béèrè.

"Màmá, aránṣọ ni yín, àbí? Tí abẹ́rẹ́ bá gún yín lọ́wọ́, tí ìdọ̀tí wọ ibẹ̀, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?"

"Ibẹ̀ á wú. Á pọ́n, á máa gbóná."

"Ara yín ló ń jà fún yín. Ojú ọgbẹ́ náà á ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀ pé nǹkan ti ṣe òun, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wá, wọ́n á jà, àwọn náà á tún máa ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Tí ogun bá parí, ariwo á dákẹ́, ọwọ́ á sì jinná. Ohun rere nìyẹn. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ tí wọ́n ń rán yẹn, ọ̀rá inú ikùn náà ń rán an."

Ó ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀rá kì í kàn jókòó lásán sínú ara bí ẹni pé wọ́n kó ẹrù pamọ́. Ó ní inú àwọn yàrá kéékèèké ni ọ̀rá ń gbé. Tí yàrá náà bá kún ju bó ṣe yẹ lọ, atẹ́gùn kì í débẹ̀ dáadáa mọ́, òmíràn á bẹ́, òmíràn á kú, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pé kí wọ́n gba àwọn. Àwọn ọmọ ogun á wá, wọn kò ní rí ọ̀tá kankan, wọn kò sì ní padà. Wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa ránṣẹ́ lójoojúmọ́, ọdún lórí ọdún. Ó ní ogun tí kò ní ọ̀tá ni, kì í dunni, kò sì hàn síta, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń sọ, nọ́ńbà C, R, P yẹn ló ń fi í hàn.

"Kí ló wá kan ṣúgà nínú ìyẹn?" Bernadette ló bi í.

"Nǹkan kan wà nínú ara wa tó ń jẹ́ ìnsúlíìnì. Òun ló ń kan ilẹ̀kùn ẹran ara wa kí wọ́n lè ṣí i fún ṣúgà láti wọlé. Àwọn iṣẹ́ tí ọ̀rá ń rán yẹn máa ń di ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ létí. Ìnsúlíìnì á kanlẹ̀kùn, wọn kò ní gbọ́. Á tún kàn án. Ara á máa pèsè púpọ̀ sí i títí á fi rẹ̀ ẹ́, ṣúgà á sì wà níta nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó ṣe màmá nìyẹn. Àwọn iṣẹ́ yẹn ní orúkọ gbọọrọ lédè òyìnbó, ẹ má jẹ́ ká fìyẹn da ara wa láàmú."

Ọmọ́yẹlé kò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yìí dáadáa. Ojú rẹ̀ wà lára nọ́ńbà ẹyọ kan tó wà lórí ìwé Bernadette.

"Dókítà," ó ní, "ìyàwó wa wúwo jù mí lọ. Oúnjẹ kan náà là ń jẹ. Kí ló dé tí kò fi ṣe é?"

"Ibi tí ọ̀rá lọ jókòó sí ló yàtọ̀, mà. Abẹ́ awọ ni tiwọn wà, ní ìdí àti itan. Àyè pọ̀ níbẹ̀, àwọn yàrá tuntun ń yọ láti gbà á sí, kò há wọn mọ́ra. Tiyín, àyè abẹ́ awọ tètè kún, ó wá gba inú ikùn lọ, ó yí ẹ̀dọ̀ ká. Ibẹ̀ ni ọ̀rá ti ń bínú jù. Bí wọ́n ṣe bí kálukú wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi."

"Ó túmọ̀ sí pé kò lè ṣe òun láéláé?"

"Ó lè ṣe wọ́n. Tí wọ́n bá ń sanra lọ, àyè yẹn náà á kún lọ́jọ́ kan. Ohun tó tún ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni ìrìn tí wọ́n ń rìn. Ẹran ara tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà fúnra rẹ̀, kì í dúró de ẹni tó ń kanlẹ̀kùn."

Òótọ́ ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ni Bernadette máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí oko kòkó ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe jáde, ó gbá ọwọ́ Ọmọ́yẹlé mú.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́ wọn. Èmi ì bá má rántí."

Ọmọ́yẹlé ní kò tọ́pẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó o nínú. Tó bá ń gbé oògùn mì láàárọ̀, á máa gbọ́ ẹ̀rín Bernadette láti òdìkejì ògiri. Tó bá ń jẹ ẹ̀wà tí kò ní dòdò, òórùn dòdò á wá láti ilé ìdáná Bernadette. Àwọn obìnrin àdúgbò ti gbọ́, nítorí Bernadette fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín pé ọ̀rá òun ní ilé tó dára. Wọ́n ń kí i. Wọ́n ní ọ̀rá ọlọ́lá ló ní. Ọ̀kan nínú wọn, tó wá gba aṣọ lọ́wọ́ Ọmọ́yẹlé, sọ pé, "Ọ̀rá ìyàwó yín yàtọ̀ sí tiyín, àbí?" Ọmọ́yẹlé rẹ́rìn-ín, ó sì gé ẹnu òwú náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó sọ fún èmi oníbàárà rẹ̀ lẹ́yìn náà pé, ká ní Bernadette ní ilé tó ju tòun lọ, tàbí mọ́tò, òun ì bá gbà. "Ẹni tó ní, ó ní. Ṣùgbọ́n ọ̀rá, a jọ ní in. Kí ló dé tí tèmi fi ń bá mi jà, tí tirẹ̀ ń gbè é?"

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrin, oníbàárà kan gbé bọ́ǹsì gbígbóná mẹ́fà wá fún un pẹ̀lú mínírà tútù méjì láti fi dúpẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù kejì.

"Ìyàwó, wọ́n gbé nǹkan wá fún mi, nọ́ọ̀sì sì ti lé mi níbẹ̀. Ṣé kí n wá jù ú nù?"

"Ẹ gbé e síbí, Ìyá Jemima. Ọlọ́run ò fẹ́ ìfiṣòfò."

Ó jẹ mẹ́rin níbẹ̀, ó mu mínírà kan. Ọmọ́yẹlé dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ohun tí dókítà sọ wá sọ́kàn rẹ̀: àyè yẹn náà á kún lọ́jọ́ kan. Ó ní òun kò pète rẹ̀ rí títí di ìṣẹ́jú yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, kò sí oníbàárà tó gbé nǹkan kan wá, òun fúnra rẹ̀ ló lọ ra pọfù-pọfù.

Ó di ojoojúmọ́. Tó bá ti tó aago mọ́kànlá, á gbé nǹkan dídùn kan wọlé fún Bernadette, á ní wọ́n gbé e wá fún òun ni. Lọ́jọ́ Àìkú, tí Bernadette bá ti Máàsì dé, Ọmọ́yẹlé ti din dòdò sílẹ̀ dè é. Nígbà tí Dára ní ibà, tí ìyá rẹ̀ kò ráyè dáná, búrẹ́dì àti mílíìkì aládídùn ló ń gbé wá, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ilé ń yìn ín. Olúlékè dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan pé ó ń tọ́jú ìyàwó òun bí ọmọ.

Ìrìn ló kù. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Ọmọ́yẹlé sọ fún un pé ọ̀nà oko ti ń yọ̀. "Obìnrin bíi tìẹ, tó bá ṣubú, ta ló máa gbé e? Gun ọ̀kadà." Bernadette gbọ́ràn. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, kì í fẹsẹ̀ débẹ̀ mọ́, ọ̀kadà ló ń gùn lọ, òun náà ló ń gùn bọ̀.

Tépù ni Ọmọ́yẹlé fi ń mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ sí. Gbogbo ìgbà tí Bernadette bá gbé aṣọ wá ló ń tún un wọ̀n, á ní ara ẹni kì í dúró lójú kan. Méjìdínlógójì di mọ́kàndínlógójì. Ó di ogójì. Ní oṣù kẹsàn-án, Bernadette mú búláòsì kan wá pé kó bá òun tú u sílẹ̀ díẹ̀ ní ikùn, ó ti há.

"Ìdí mi ò tóbi sí i," Bernadette ní, ó ń fọwọ́ pa ikùn rẹ̀. "Ọ̀hún nìkan ni. Mi ò mọ ohun tó dé."

"Ọjọ́ orí ni," ni Ọmọ́yẹlé dá a lóhùn, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Mẹ́tàlélógójì ló kọ sínú ìwé. Ó ní òun sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Oṣù kọkànlá ni Dókítà Ayọ̀mípọ̀sí padà wá láti tún ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin náà gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, Bernadette lọ gbọ́ èsì tirẹ̀ lóun nìkan. Ọmọ́yẹlé ń lọ aṣọ nígbà tó wọlé. Kò kí i. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ó ń wo ilẹ̀.

"Nọ́ńbà mi ti lé ní mẹ́fà," ó ní. "Dókítà ní kò tíì di ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Èkejì yẹn, tó jẹ́ ẹyọ kan tẹ́lẹ̀, ti di márùn-ún. Wọ́n ní ọ̀rá mi náà ti bẹ̀rẹ̀."

Ọmọ́yẹlé gbé áyọ́ọ̀nù lélẹ̀. Ayọ̀ wá lóòótọ́. Kò purọ́ fún mi lórí ìyẹn. Ó ní ó wá bí omi tútù sí ọ̀fun, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Bernadette wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láìpariwo.

"Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Mi ò tíì sọ fún bàbá Dára. Ìyá Jemima, ẹsẹ̀ bàbá mi ni wọ́n gé. Nítorí ṣúgà. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa wọ́n, nítorí ojú tì mí. Èmi ni mo máa ń fọ ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n gé yẹn nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Tẹ́ ẹ bá rí mi tí mò ń rẹ́rìn-ín nígbà tí dókítà ní mi ò ní in, ẹ̀rù tó kúrò lára mi ni."

Ó di Ọmọ́yẹlé lọ́wọ́ mú. "Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe. Ẹ̀yin lẹ ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹ kọ́ mi bẹ́ ẹ ṣe ń jẹun."

Ọmọ́yẹlé ní òun á kọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbé ohun tó ṣe náà mọ́ra, kò lè wo ojú Bernadette. Ó lọ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó wọ aṣọ funfun, ó kúnlẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tó ń wá sí òun lẹ́nu ni pé kí Ọlọ́run wo Bernadette sàn, ẹnu òun kò sì gbà á láti parí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ bá Dókítà Ayọ̀mípọ̀sí kó tó padà sí Àkúrẹ́.

"Ṣé ti ìyàwó wa lè padà sẹ́yìn?"

"Ó lè padà, mà. Ibi tó dé yìí, tí wọ́n bá jáwọ́ nínú nǹkan dídùn, tí wọ́n ń rìn bí wọ́n ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, tí ikùn yẹn bá fà sẹ́yìn díẹ̀, ariwo inú ọ̀rá á rọlẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni bó ṣe yára tó bẹ́ẹ̀. Mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń jẹ, wọ́n ní kò yàtọ̀."

"Ó yàtọ̀," ni Ọmọ́yẹlé wí. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí bọ́ǹsì mẹ́fà.

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Màmá, mi ò ní bá yín sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Wọ́n ní láti mọ ohun tó fà á kí wọ́n tó lè mọ ohun tí wọ́n máa fi sílẹ̀. Tí ẹ kò bá sọ ọ́, wọ́n á rò pé ara wọn ló kàn da àwọn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ló wọ ṣọ́ọ̀bù Bernadette. Bernadette ń to páálí oògùn sórí pẹpẹ. Ọmọ́yẹlé kò jókòó.

"Ìyàwó, èmi ni mo ṣe é."

"Kí lẹ ṣe?"

"Bọ́ǹsì, pọfù-pọfù, mínírà. Kò sẹ́ni tó ń gbé e wá fún mi, àfi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi ni mò ń rà á. Mo fẹ́ kí ó ṣe ìwọ náà. Èmi ni mo sì ní kó o máa gun ọ̀kadà."

Bernadette yíjú padà. Páálí kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù kẹrin."

"Nígbà tí ara Dára ò yá ńkọ́? Búrẹ́dì yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Dòdò ọjọ́ Àìkú?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ó dùn mí pé kò ṣe ọ́ ni."

Bernadette gbé páálí náà sí àyè rẹ̀, ó tọ́ ọ kó dúró ṣánṣán. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ní kí Ọmọ́yẹlé jọ̀ọ́ kó jáde. Ó ti ṣọ́ọ̀bù náà pa lọ́sàn-án gangan, ó sì rìn lọ sílé láìwẹ̀yìn.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ìyẹn ló le jù fún Ọmọ́yẹlé. Ó ti ń dúró de ìpàdé ẹbí, kí àwọn àgbà bú u, kí ọkọ rẹ̀ lé e, kó sì parí. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Bernadette ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ níwájú gbogbo ènìyàn bíi ti tẹ́lẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, mà," ó sì ń kọjá. Kò pè é ní Ìyá Jemima mọ́. Oúnjẹ tí Ọmọ́yẹlé bá sè fún gbogbo ilé, ó ń ní òun ti jẹun. Nígbà tí Kérésìmesì ku díẹ̀, ó kó aṣọ tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ lọ bá aránṣọ mìíràn ní Òdòde.

Nígbà tí Ọmọ́yẹlé rí aṣọ náà lára rẹ̀, owú tún gbé e. Aṣọ náà gún dáadáa. Ó ní òun dúró lójú fèrèsé, òun ń wo ojú rírán ẹlòmíràn ní ikùn Bernadette. Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti ṣe, ó tún ń jowú aránṣọ Òdòde. Ó bú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá a dúró.

Bernadette ti padà sẹ́nu ìrìn. Ojoojúmọ́ ló ń lọ báyìí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú bàtà ròbá, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta lọ sí oko. Ní oṣù kìn-ín-ní, Ọmọ́yẹlé wọ bàtà tirẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Kò sún mọ́ ọn. Ó fi nǹkan bíi ilé mẹ́wàá jìnnà sí i. Bernadette rí i, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń lọ nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àwọn tó ń lọ sóko sì ń rò pé ẹsẹ̀ Ọmọ́yẹlé ni kò yá.

Lọ́jọ́ kan, níbi tí ọ̀nà ti gun òkè, èémí Ọmọ́yẹlé kò délẹ̀ mọ́. Ó jókòó sórí òkúta. Bernadette gòkè tán kó tó wẹ̀yìn wò. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹ ti jẹun kẹ́ ẹ tó lo oògùn?"

"Mi ò jẹun."

"Ẹ fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mo pa yín sọ́nà oko." Ó na ọwọ́ sí i. "Ẹ dìde. A ò ní yára."

Wọ́n jọ rìn dé oko. Lójú ọ̀nà ni Bernadette ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní òun kò tíì dárí jì í. Ó ní ọjọ́ tí òun bá dárí jì í, òun á sọ fún un, kó má béèrè. Ọmọ́yẹlé ní òun gbọ́.

Nígbà tí oṣù kẹta ọdún náà dé, wọ́n jọ lọ gba èsì tó kẹ́yìn. Ọmọ́yẹlé ló kọ́kọ́ wọlé. Nọ́ńbà ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀, kò pé méje mọ́; C, R, P rẹ̀ ti di mẹ́rin; ínṣì mẹ́rin ti kúrò ní ikùn rẹ̀. Dókítà yìn ín, ó ní kó má jáwọ́ nínú oògùn. Nígbà tí Bernadette jáde, tirẹ̀ ti padà sí márùn-ún àbọ̀, èkejì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ẹyọ kan.

Wọ́n dúró lábẹ́ igi ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n ń retí ọ̀kadà nítorí oòrùn mú. Ọmọ́yẹlé ka nọ́ńbà ara rẹ̀, ó ka ti Bernadette.

"Kí n sọ òótọ́ fún ọ?" ó ní.

"Ẹ sọ ọ́."

"Ó dùn mí. Oṣù mẹ́rin péré lo fi padà. Èmi, màá máa gbé oògùn mì títí ayé."

Bernadette wò ó.

"Ẹ máa sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀," ó ní. "Tó bá ti ń ṣe yín, ẹ máa sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ, mo lè dá a lóhùn. Èyí tẹ́ ẹ fi bọ́ǹsì bò mọ́lẹ̀ ni mi ò rí."

Ọ̀kadà kan dé, Bernadette ní kí ìyáálé òun kọ́kọ́ gùn ún, òun á dúró de èyí tó ń bọ̀.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Wọ́n ṣì jọ ń rìn lọ sí oko láàárọ̀. "Ìyá Jemima" ti padà sẹ́nu Bernadette, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé. Aránṣọ Òdòde ló ṣì ń rán aṣọ rẹ̀, kò sì tíì fi ẹnu kan oúnjẹ ọwọ́ Ọmọ́yẹlé, kódà omi. Kò tíì sọ pé òun dárí jì í. Ọmọ́yẹlé kò béèrè. Nígbà tí mo lọ gba aṣọ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í bóyá owú náà ti tán. Ó ní rárá, ó ní àná ni Bernadette jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun méjì lójú òun, tí ara rẹ̀ kò sì ṣe bákan. Ó ní òun sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé ó dun òun, Bernadette sì gé ẹyọ kékeré kan fún òun, ó ní kí òun jẹ ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí.